Waya ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó ra bátìrì kejì

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, bí iná iwájú mọ́tò yín bá ń ṣẹ́jú nígbàkigbà tí bass (ohùn ìsàlẹ̀ orin) bá dún láti inú ẹ̀rọ orin mọ́tò, ẹ má tíì sáré lọ ra bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, ló ń gbé gbogbo ẹrù náà. Bátìrì kejì yóò tún gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Amplifier (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn orin lágbára) irú class D, tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, tó ń gbé 1000 watt jáde lè fa nǹkan bí 90 ampere ní 13.8 volt. Waya tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé e. Nítorí náà, ẹ fi waya tó nípọn kún mẹ́ta yìí: láti alternator sí bátìrì, láti négátíìfù bátìrì sí ara mọ́tò, àti láti ẹ́ńjìnnì sí ara mọ́tò. Kó jẹ́ bàbà gidi o. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lè nípọn lójú, àmọ́ kì í gbé iná tó bàbà.

Níbi tí ẹ ó so négátíìfù amplifier mọ́, ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin yóò fi máa dán, kí ẹ wá fi bóòtù dè é pinpin.

Fíùsì kò ṣeé fò rárá. Kó má jìn sí bátìrì ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí agbára rẹ̀ má sì ju ohun tí waya lè gbé. Bí waya bá bó tó kan irin, fíùsì ni yóò já, tí mọ́tò kò fi ní jóná.

Bí volt bá ṣì ń já wálẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, alternator ńlá ló kàn.