Bí mo ṣe kan ẹ̀rọ ìyọkóró òwú irú ti Whitney

Ẹ̀rọ onígi tí a ń fi ọwọ́ yí ni mo kàn, lórí ètò kan náà tí Eli Whitney gbé kalẹ̀ ní oko Mulberry Grove, lẹ́bàá Savannah ní Georgia, ní 1793. Lọ́dún náà, Samuel Slater ti ń fi agbára odò Blackstone ran òwú ní Pawtucket, ní Rhode Island. Láti December 1790 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ ni kò pọ̀ nílẹ̀. Òwú tó ń ṣe dáadáa ní àárín ilẹ̀ Georgia, kóró rẹ̀ nírun, òwú sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Pọ́n-ùn 1 òwú mímọ́ ni ẹnì kan lè fi ọwọ́ yọ láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀rọ yìí sọ ọ́ di nǹkan bí 50.

Ọ̀pá irin tí àwọn ìyá wa máa ń yí lórí òkúta, ńṣe ló ń tẹ kóró jáde. Ti Whitney, fífà ló ń fa òwú, ó sì ń fi kóró sílẹ̀.

Ìtì igi ni mo fi bẹ̀rẹ̀: ìrókò gbígbẹ tí wọ́n yí róbótó, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 32, ìbú 12, ṣáàfù irin gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ má lo igi tútù. Bó bá gbẹ tán, á là, eyín á sì máa yọ. Mo fa ìlà 22 yí i po, mìlímítà 13 sí ara wọn, mo lu ihò 18 sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Eyín 396 nìyẹn. Ihò ìlà kan kò gbọdọ̀ bá ti ìkejì dọ́gba, torí bí eyín púpọ̀ bá jọ gbá òwú mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ìyí á há.

Wáyà irin ni Whitney lò. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ tó nípọn tó mìlímítà 2 ni mo lò ní tèmi, nítorí pé ó le, kì í tètè tẹ̀. Mo gé e ní mìlímítà 30, mo lu ihò ní 1.8 kó lè há dáadáa, mo gbá 18 wọnú igi, 12 yọ síta. Lẹ́yìn náà ni mo fi páìpù tín-ín-rín kọ́ eyín kọ̀ọ̀kan, mo tẹ orí rẹ̀ síwájú, síbi tí ìtì ń yí lọ. Ẹ fi sáńpépà ha orí gbogbo wọn. Eyín tí etí rẹ̀ mú máa ń gé òwú sí wẹ́wẹ́, òwú kúkúrú bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé ran.

Ibi tí iṣẹ́ yìí wà gan-an ni ògiri irin tó dá àpótí òwú dúró níwájú ìtì. Irin pẹlẹbẹ 23, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan mìlímítà 10, ni mo tò lóòró, àlàfo mìlímítà 3 láàárín wọn. Eyín ń gba àlàfo wọlé, ó ń gbé òwú jáde. Kóró, tó sábà máa ń nípọn ju mìlímítà 4 lọ, kò lè tẹ̀ lé e. Bí àlàfo bá di 4, kóró kéékèèké á há síbẹ̀, á fọ́, èépá á dà sínú òwú. Bí ìtì bá rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ báyìí, eyín á máa ha irin. Mo fi wáṣà dí orí ṣáàfù méjèèjì kó má baà rìn.

Búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn ìtì. Púlì sẹ̀ǹtímítà 20 wà lórí ṣáàfù ìtì, 5 lórí ti búrọ́ọ̀ṣì, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ìtì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa bẹ́líìtì lágbèélébùú kí méjèèjì máa yí lódìkejì ara wọn. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ibì kan náà ni wọ́n ń dojú kọ, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì ló yára jù, òun ló ń gbá òwú kúrò lórí ṣónṣó eyín. Bí bẹ́líìtì bá yọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á lọ́ra, òwú á wé mọ́ ìtì títí ẹ̀rọ á fi dúró.

Ẹ sá òwú dáadáa kí ẹ tó dà á sí i. Òwú tó tutù máa ń di kókó wínníwínní. Ẹ má kún àpótí ju ìdajì lọ, kóró gbọ́dọ̀ ráyè yí po kí eyín lè kan gbogbo ara rẹ̀. Mo ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí ìsàlẹ̀ fún kóró tó ti mọ́. Nínú kìlógíráàmù 3 òwú oníkóró, nǹkan bí 1 ló máa ń jáde ní òwú, ìyókù kóró ni.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń ká òwú lóko nígbà yẹn, ọwọ́ èèyàn ló ń ká a. Bí ìyọkóró ṣe yá ni wọ́n ń fẹ oko sí i, tí wọ́n sì ń fi ẹrú kún ẹrú lórí rẹ̀. Àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 700,000 nínú ètò ìkànìyàn 1790. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4 ní 1860. Ó dùn mí pé ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ nípa ẹ̀rọ yìí kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní March 14, 1794 ni Whitney gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, àmọ́ alágbẹ̀dẹ tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan lè kàn án, kò sì rí owó púpọ̀ níbẹ̀. Ní 1796, Hodgen Holmes gbàṣẹ lórí èyí tó fi ayùn róbótó rọ́pò wáyà. Ayùn yẹn ni màá dámọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ́: eyín rẹ̀ kì í yọ, ṣáàfù kan ló kó gbogbo rẹ̀ jọ pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ mìlímítà 11 láàárín ayùn onímìlímítà 2. Ògiri irin àti búrọ́ọ̀ṣì ò ní yí padà.