Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ara yín tí wọ́n bá fẹ́ yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn yín

Aṣọ ni mo ń rán ní Kubwa, l'Ábújá níbí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn mi ni àwọn kan ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tí kì í ṣe torí aṣọ. Wọ́n á wo àpá ọrùn mi, wọ́n á sún mọ́ mi: "Màmá, èmi náà ní in o. Kí ni kí n ṣe?" Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí. Iṣẹ́ abẹ gan-an, tàwọn dókítà nìyẹn, oorun lẹ ó sùn mọ́ ọn. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ló di iṣẹ́ tiyín.

Kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n fi abẹ kàn yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Gẹ̀gẹ̀ ńlá lè wà lọ́rùn ẹni kí ẹṣẹ́ thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ iwájú ọrùn tó ń wú di gẹ̀gẹ̀, máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Òmíràn kéré, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ àṣejù: àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á máa bo èèyàn, á máa jẹun, á sì máa rù, ojú ẹlòmíì á yọ síta. Tí kò bá ṣiṣẹ́ tó, ara á wúwo, ìgbẹ́ á le, òtútù á sì máa mú yín nínú ooru oṣù kẹta. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSH àti T4 ló ń sọ èyí tó jẹ́. Wọ́n á ṣe sìkáànù ọrùn, wọ́n sì lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ níbẹ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ lọ: National Hospital wà láàárín ìlú, ti yunifásítì wà ní Gwagwalada, ẹni tó wà ní Zaria ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Shika nítòsí.

Tó bá jẹ́ àṣejù ni, wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní oògùn bíi carbimazole títí ara á fi rọlẹ̀. Ẹ má kánjú. Tí wọ́n bá la ọrùn kí ara tó rọlẹ̀, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré débi tí ẹ̀mí á fi bọ́. Tí ibà àti ọ̀fun dídùn bá dé nígbà tẹ́ ẹ ń lo carbimazole, ẹ má gba kẹ́mísìtì lọ. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an, fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí oògùn yẹn lè mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà wálẹ̀.

(Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ máa lá iyọ̀ kó lè lọ, ẹ má dá a lóhùn. Iyọ̀ tó ní áyódìn ń dènà gẹ̀gẹ̀, láti 1993 ni wọ́n sì ti sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà, àmọ́ kì í yọ èyí tó ti dàgbà lọ́rùn.)

Ẹ bi dókítà bóyá gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ yọ tàbí apá kan. Tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, oògùn ojoojúmọ́ di ti gbogbo ayé yín nìyẹn. Ẹni tó ń kọrin, tó ń pe ìrun, tàbí tó ń kígbe ọjà ní Wuse, kó sọ ọ́ ṣáájú, torí iṣan tó ń darí ohùn gba ẹ̀yìn ẹṣẹ́ yẹn kọjá. Ohùn tó há sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ti àwọn díẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò tán.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ ní ẹnì kan tí kò ní sùn. Ọrùn yín ni kó máa wò. Tó bá ń wú lábẹ́ báńdéèjì, tó ń fún yín, tí èémí ń ṣòro, kó pariwo pe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú, kò sì ṣeé fi dàárọ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni kálísíọ́mù. Ẹṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin tó ń ṣètò rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn thyroid, wọ́n sì lè fara gbá nínú iṣẹ́ abẹ. Tèmi, mo gbé ọ̀rá píọ̀wọ́tà sẹ́nu, ètè mi kò mọ òtútù rẹ̀. Ó wá ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ìka mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò. Ọmọ mi obìnrin sáré pe nọ́ọ̀sì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fún mi ní kálísíọ́mù, ó lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń dé. Ẹ má pè é ní àárẹ̀ lásán.

Oògùn ojoojúmọ́ yẹn, levothyroxine ni. Bẹ́ ẹ bá ti jí, omi lásán lẹ ó fi lò ó, ẹ ó wá dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 kẹ́ ẹ tó jẹun. Tíì oníwàrà tàwọn máìṣáyì kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀, àwàrà náà kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀, torí sóyà ni. Kálísíọ́mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ̀nù (iron) gbọ́dọ̀ fi wákàtí 4 jìnnà sí i. Nínú Ràmàdáànì, ẹ lè lò ó ní nǹkan bíi ààbọ̀ wákàtí ṣáájú sààrì, tàbí lálẹ́ tẹ́ ẹ bá ti jẹun kẹ́yìn fún wákàtí mẹ́ta, ẹ kàn kọ́kọ́ sọ fún dókítà. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ooru ń bà á jẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n á tún yẹ TSH wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó tó. Bí ara bá yá, oògùn náà ló ń mú un yá, ẹ má dá a dúró. Aboyún gbọ́dọ̀ tètè sọ, wọ́n sábà máa ń fi kún un.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kù, ibẹ̀ ni mo ti mọṣẹ́. Ẹ gbé èyí tó ní bọ́tìnnì níwájú lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ má baà máa fi orí la ọrùn aṣọ kọjá. Ẹ má so ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tàbí ẹ̀gbà ọrùn wúrà tó ń ha ojú egbò títí á fi jiná dáadáa. Ẹni tí àpá ara rẹ̀ máa ń hù, kó sọ fún dókítà kí wọ́n tó gé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká rán kọ́là tó máa bò ó, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní fífẹ̀, kó má kàn án.