Ẹ rọra ṣe ojú tó máa ń yọ irorẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú mọ́ nítorí irorẹ́. Ó kan jù, bí oòrùn bá sì pa á lójú yín, ó lè jó awọ, kó dá àpá dúdú sí i. Ojú àbúrò mi ni mo ti rí i, ó dùn mí gan-an.

Òróró ara àti awọ tó ti kú ló ń dí ihò awọ, kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Nítorí náà, ẹ má fi kànìnkànìn ha ojú, ńṣe ni yóò tún wú sí i. Ọwọ́ lásán, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ti tó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ.

Oyin ni mo fọwọ́ sí jù. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá, kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí kò bá yún yín, tí ibẹ̀ kò sì pọ́n, ẹ fi pa ojú fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kẹ́ ẹ ṣàn án kúrò. Etí erin, aloe vera tí ẹ mọ̀ yẹn, náà ń tu awọ lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí omi yẹ́lò inú ewé rẹ̀ ro dànù ná. Ó máa ń yún èèyàn.

Ẹ máa fọ aṣọ ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má tẹ irorẹ́, mo bẹ̀ yín! Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀. Èyí tó bá jinlẹ̀ tó sì ń dunni, dókítà awọ ni kẹ́ ẹ fi hàn.