Bíláìńdì fèrèsé òrùlé: ìbéèrè láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìbéèrè (Ìjẹ̀bú-Òde): Fèrèsé méjì ló wà nínú òrùlé yàrá òkè wa. Àwọn ọmọ ń bọ̀ wálé fún Ojúde Ọba, ibẹ̀ la sì fẹ́ kí wọ́n sùn. A ti fi bíláìńdì (aṣọ tí a fi ń bo fèrèsé) dúdú tó nípọn sí i. Yàrá náà ṣókùnkùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru ibẹ̀ kò ṣeé gbà. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ ni aṣọ yẹn dí, kò dí ooru. Kí oòrùn tó kàn án, ó ti gba inú dígí wọlé. Aṣọ dúdú á gba ooru náà sára, á wá máa tú u sínú yàrá títí di alẹ́. Ìwọ̀n dígírì 6.8 péré ni Ìjẹ̀bú-Òde fi jìnnà sí agbedeméjì ayé níhà àríwá, nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń wà lókè orí wa gan-an. Fèrèsé ara ògiri ní etí òrùlé tó ń ṣíji bò ó. Ti òrùlé kò ní nǹkan kan.

Aṣọ ìta ni kí ẹ rà, èyí tó rí bíi nẹ́ẹ̀tì tó sì ń bo dígí láti ẹ̀yìn. Ó ń dá oòrùn dúró kó tó dé ara dígí, ẹ sì tún lè máa rí ojú ọ̀run gba inú rẹ̀. Bí owó rẹ̀ kò bá tíì sí, ẹ pààrọ̀ ti inú sí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun tàbí tó ń dán bíi fàdákà. Ó máa ń dá díẹ̀ padà. Ẹ má tẹ̀ lé àwọn ọlọ́jà tó ń yin aṣọ onílé oyin (èyí tó ní ihò bí afárá oyin) pé ó ń pa ooru mọ́ inú ilé. Òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ń bá jà.

Ìbéèrè (Ṣágámù): Mo fi téèpù wọn dígí dáadáa kí n tó ra bíláìńdì, síbẹ̀ kò wọlé. Níbo ni àṣìṣe wà?

Ìdáhùn: Dígí kọ́ là ń wọ̀n. Ẹ ṣí fèrèsé náà, ẹ wo orí férémù tó ń ṣí: àwo kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ kóòdù sí. Lára fèrèsé VELUX (ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe fèrèsé òrùlé), fún àpẹẹrẹ, ẹ lè rí GGL MK04. GGL ni irú fèrèsé, MK04 sì ni ìwọ̀n rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 78 ní ìbú àti 98 ní gíga, láti etí férémù ìta sí etí kejì. Ẹ rí i pé dígí kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya àwòrán àwo náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á; ẹ má fi ẹnu sọ ọ́.

Bí ó bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tí oníṣẹ́ ládùúgbò fi ọwọ́ ṣe, kò ní kóòdù. Ẹ wọn ìbú níbi mẹ́ta, ẹ wọn gíga níbi mẹ́ta, kí ẹ lo èyí tó kéré jù.

Ìbéèrè (Ìlíṣàn): Bíláìńdì wa ń já bọ́ láti ara dígí, ó ń rọ̀ sílẹ̀ láàárín.

Ìdáhùn: Ti ara ògiri lẹ rà. Fèrèsé òrùlé dagun, nítorí náà aṣọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú irin tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ìbéèrè (Ìpẹru): Dígí òrùlé wa wà lókè àtẹ̀gùn, ó ga púpọ̀, a sì ní ọmọ kékeré. Irú wo ló dára?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra olókùn tó rọ̀ sílẹ̀. Okùn tó ṣe òbìrí lè fún ọmọ lọ́rùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ti pa ọmọ rí ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn fà, tàbí onímọ́tò tó ní sólà kékeré tirẹ̀, tí kò ní dúró de iná NEPA. Kí ẹni méjì wà níbẹ̀ tí ẹ bá ń tò ó: ọ̀kan á di àkàbà mú.

Ìbéèrè (Ìkẹ́nnẹ́): Láti ìgbà òjò ni àbàwọ́n omi ti hàn lára bíláìńdì tuntun. Ṣé bíláìńdì ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ tú u kúrò, kí ẹ lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi bá ń wá nígbà òjò nìkan, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti igun, páànù tí wọ́n tẹ̀ yí ìdí fèrèsé ká ni kí ẹ wò. Ewé igi ìtòsí máa ń dí ojú omi rẹ̀, omi á wá yà wọlé. Ẹ kó ewé náà kúrò, kí ẹ má kàn fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ibẹ̀, torí ẹ lè dí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Bí kúrukùru bá wà láàárín dígí méjì, tí ìnuwọ́ kò dé ibẹ̀, ìdè dígí ti tú, dígí ni ẹ máa pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìta dígí ni omi ń sẹ̀ sí bí ìrì nígbà tí ẹ tan éè-sí, kò léwu: afẹ́fẹ́ ìta tó lómi nínú ló kan dígí tútù.

Ẹ yẹ súkúrù bíláìńdì wò pẹ̀lú, bóyá ó gùn jù tó sì ti gún férémù já. Kí òjò ńlá kan rọ̀, kí ẹ rí i pé ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó dá aṣọ náà padà.