Ọ̀rọ̀ àpèjúwe fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: bí ẹ ṣe lè kọ́ ọ

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nípa àwọn ọmọ wa tó ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ìyẹn àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu ò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, tí wọ́n ń tẹ àwòrán tàbí bọ́tìnnì láti fi sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Tí ẹ bá wo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀, orúkọ nǹkan ló kún bẹ̀: omi, bọ́ọ̀lù, bísíkíìtì, mọ́tò. Ọmọ tẹ "omi", wọ́n fún un lómi, ọ̀rọ̀ tán. Omi yẹn bá wá gbóná jù ńkọ́? Tí ẹ̀wù bá ń yún un lọ́rùn, tí bàtà bá fún un lẹ́sẹ̀, kí ló máa tẹ̀? Kò sí ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́, ẹkún ló máa sun tàbí kó ju nǹkan mọ́lẹ̀, àwa náà á wá máa sọ pé ọmọ yìí mà le o. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọmọ ọdún 3 sí 5 ò kéré rárá láti máa kọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ lè jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní àápù tó máa ń fi ohùn sọ ohun tí ọmọ bá tẹ̀, bíi Proloquo2Go, TouchChat tàbí LAMP Words for Life, ó sì lè jẹ́ páálí lásán tí wọ́n lẹ àwòrán mọ́. Bákan náà lẹ ṣe máa ṣe é. Àwọn tó sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ ò ní jẹ́ kọ́mọ fẹnu sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀, ìwádìí ò rí i bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló tiẹ̀ ń fẹnu sọ ju tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ kọ́kọ́ kọ́ ọ? Mo mọ̀ pé àwọ̀ àti ṣépù ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn torí òun ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì, àmọ́ ẹ rò ó wò, láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà mélòó lẹ máa sọ pé nǹkan pupa, ìgbà mélòó lẹ sì máa sọ pé ó gbóná, ó dọ̀tí, ó dùn, ó pọ̀ jù? Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wúlò níbi ìwẹ̀, níbi oúnjẹ àti níbi eré, kó jẹ́ nǹkan tí inú ọmọ máa ń dùn sí tàbí tó máa ń bí i nínú. Àwọ̀ á dúró dè yín.

Kí ọmọ tó dé, ẹ ti wá bọ́tìnnì yẹn rí. Nínú ọ̀pọ̀ àápù àti páálí, àwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń kun ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ewéko fún ọ̀rọ̀ ìṣe, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló ń tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ yẹ tiyín wò dáadáa. Ibi tẹ́ ẹ bá sì bá a, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í síbẹ̀. Ìka ọmọ ló ń há ọ̀nà sórí, tẹ́ ẹ bá ń sún bọ́tìnnì kiri, ẹ ti da iṣẹ́ rẹ̀ rú nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ohùn inú ẹ̀rọ ò sọ èdè tẹ́ ẹ̀ ń sọ nílé, ọ̀pọ̀ àápù máa ń jẹ́ kéèyàn gba ohùn ara ẹ̀ sórí bọ́tìnnì, ẹ gbà á síbẹ̀, ohùn màmá tàbí bàbá gan-an.

Ó wá kan ibi tí iṣẹ́ wà: ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu fún oṣù gbọọrọ kó tó sọ ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó máa rí yín tẹ́ ẹ̀ ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ gbogbo gbólóhùn lẹ́nu, kẹ́ ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan péré nínú ẹ̀. Tí òun fúnra ẹ̀ bá ti ń tẹ ọ̀kan, ẹ̀yin ẹ máa tẹ méjì. Ẹ má di ọwọ́ ẹ̀ mú láti fi tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́ nìyẹn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi omi ṣe é. Ẹ gbé abọ́ omi kan kalẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì kékeré méjì, kí ẹ̀rọ jìnnà sómi tàbí kó wà nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara (èmi fara mọ́ kẹ́ ẹ tẹ àwòrán ojú ẹ̀rọ yẹn jáde sórí ìwé kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́, ọkàn yín á balẹ̀). Ẹ ti táwẹ̀lì kan bọ omi, ẹ fún un sí ọmọ lọ́wọ́: "Háà, ó rin gbindin!" kẹ́ ẹ tẹ "rin". Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka 1 dé 10 nínú ọkàn yín, ó máa gùn lójú yín, àmọ́ ọmọ nílò ẹ̀. Ó lè wo táwẹ̀lì, kó wo ojú yín, kó wá nawọ́ sínú omi láì tiẹ̀ wo ẹ̀rọ rárá. Ó ti dá yín lóhùn nìyẹn, ẹ tẹ "tún" àti "rin", kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ìgbà tó bá yá, ẹ fi táwẹ̀lì kejì tí ẹ ò tì bọ omi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ẹ tẹ "kò" àti "rin". Mo fẹ́ràn "kò rin" ṣáájú "gbẹ" torí ọ̀rọ̀ tuntun méjì tó dojú kọra wọn lẹ́ẹ̀kan náà tètè máa ń dà pọ̀ mọ́ ọmọ lójú. Tí "rin" bá ti múlẹ̀ dáadáa, ẹ mú "gbẹ" wọlé.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan mọ sórí nǹkan kan. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan lẹ̀ ń pè ní ńlá, ọmọ á rò pé orúkọ bọ́ọ̀lù ni. Bàtà bàbá ńlá, páálí ńlá, ariwo ńlá. Ife tó jẹ́ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí á di kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó fojú ara ẹ̀ rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín "kí nìyí?" àti "àwọ̀ wo nìyí?" kù. Ìdánwò ni, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì ní. "Báwo ló ṣe rí?" dáa jù, torí ó lè ní ó rọ̀, ó tutù, òun ò fẹ́ ẹ, gbogbo ẹ̀ ló tọ̀nà. Tó bá tẹ "dọ̀tí" sí ẹ̀wù tó mọ́ tónítóní, ẹ má sọ pé irọ́ ni, ẹ yí ẹ̀wù yẹn wò, àbàwọ́n lè wà níbì kan tí ojú yín ò tíì dé.

Ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ́ràn lè máa fi ojú yan ọ̀rọ̀ tàbí kó lo bọ́tìnnì ńlá kan ṣoṣo, onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ á bá yín ṣètò ẹ̀, ohun tí mo sọ lókè yìí ò yí padà.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin yẹn sí ìwé kékeré fún tíṣà àti ẹni tó ń bá yín wo ọmọ, kó má lọ jẹ́ pé tilé ọ̀tọ̀, tilé ìwé ọ̀tọ̀. Kí ẹ̀rọ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, kó ti gba iná, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá ṣẹ̀ yín, torí ẹnu ẹ̀ lẹ gbà yẹn. Ọjọ́ tó bá lo ọ̀rọ̀ kan níbi tí ẹ ò ti kọ́ ọ rí, bóyá ó tẹ "gbóná" nígbà tó jókòó sórí ṣíà tí oòrùn ti pa, ẹ fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un. Tó bá sì jẹ́ "kò dùn" ló tẹ̀ sí oúnjẹ tẹ́ ẹ sè, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà fún un kó mọ̀ pé ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ wá bi í bóyá iyọ̀ ló pọ̀ jù ni àbí ó ti tutù.