Bí bíréèkì mọ́tò bá ń ṣe ségesège, ẹ má tíì ra pádì

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù, èmi náà sì ti ṣe é rí, ni pé bíréèkì bá ti ń ṣe bákan báyìí, pádì tuntun lèèyàn máa sáré lọ rà. Ó mú láàárọ̀, ó dìrọ̀lẹ́ ẹsẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ, ọjọ́ kejì ó tún dára, èèyàn á ní pádì ti jẹ tán nìyẹn. Pádì tó jẹ tán kì í sábà ṣe báyẹn o. Á máa han, á máa ha dísìkì (irin róbótó tó ń bá táyà yí, tí pádì máa ń fún mú), tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ kì í sinmi. Èyí tó ń wá tó ń lọ yẹn, ó sábà máa ń jẹ́ atẹ́gùn tàbí omi tó wọnú ọ́ìlì, tàbí nǹkan tó há nídìí táyà, tàbí rọ́bà inú master cylinder (ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì lọ sídìí táyà tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà) tó ti gbó. Nígbà tí tèmi ń fà sápá òsì tí mo bá ti tẹ bíréèkì, mo pààrọ̀ pádì iwájú, mo pààrọ̀ dísìkì, ó ṣì ń fà. Pin caliper (irin tí caliper, ìyẹn ohun tó ń fún pádì mọ́ dísìkì, máa ń yọ̀ lórí ẹ̀) apá ọ̀tún ló gbẹ tó há, òsì nìkan ló ń dá mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wọn atẹ́gùn táyà méjèèjì, kẹ́ ẹ sì wo òdìkejì ibi tó ń fà sí náà.

Ẹ jẹ́ kí pẹ́dà sọ tẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ pẹ́dà bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ dì í mú síbẹ̀. Tó bá dúró gbọin, ó dáa. Tó bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tẹ́ ẹ wo ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gbogbo páìpù tẹ́ ẹ ò ríbi tó ń jò, ẹ fura sí master cylinder, inú ara ẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọ́ìlì ti ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kíá á mú, tẹ́ ẹ bá wá rọra tẹ̀ ẹ́ níbi tí mọ́tò ti tò sílẹ̀ á máa lọ. Tó bá jẹ́ pé ìtẹ̀ àkọ́kọ́ jìn, tó jẹ́ ìkejì tàbí ìkẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, atẹ́gùn ni, tàbí brake shoe ẹ̀yìn (òun ló ń ṣe iṣẹ́ pádì níbi tó bá jẹ́ dúróòmù, agolo irin tó ń bá táyà yí) tó ti jìnnà sí dúróòmù. Tó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló le bí òkúta, ẹ di pẹ́dà mú bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnì, ó yẹ kó sọ̀ díẹ̀. Tí ò bá sọ̀, booster (ohun tó ń fi agbára ẹ́ńjìnì kún ti ẹsẹ̀ yín) ni kẹ́ ẹ lọ wò, àti páìpù tó lọ síbẹ̀ láti ẹ́ńjìnì.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ló ń dùn mí jù, torí àìmọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Bí pádì ṣe ń jẹ lọ́ìlì inú ike tí wọ́n ń dà á sí á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ibì kan ń jò, ẹ má kàn máa bù ú kún kẹ́ ẹ máa wa mọ́tò lọ. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí ti sítíárìn sí i láéláé, kódà tó bá jẹ́ díẹ̀. Gbogbo rọ́bà inú ẹ̀ ló máa wú, tá á há, wọ́n á sì ní láti pààrọ̀ wọn pátá. DOT tẹ́ ẹ máa rí lára agolo ló ń sọ irú ọ́ìlì bíréèkì tó jẹ́: DOT 3 àti DOT 4 lè dà pọ̀, DOT 5 tó jẹ́ silicone ò gbọdọ̀ bá wọn pàdé (DOT 5.1 yàtọ̀ sí i o, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín).

Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi látinú atẹ́gùn. DOT 3 tuntun, ó kéré tán ó máa dé 205°C kó tó hó, tómi bá ti wọ̀ ọ́ ó lè já wálẹ̀ sí 140°C. Ẹ wá rò ó: ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, bíréèkì gbóná, ọ́ìlì hó, ó di atẹ́gùn nínú páìpù, atẹ́gùn sì ṣeé fún pọ̀, ẹsẹ̀ yín wọlẹ̀. Ó tutù tán, ó tún mú, mẹkáníìkì wò ó láàárọ̀ kò rí nǹkan kan. Torí ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi ní ká máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì méjì. Agolo tẹ́ ẹ ti ṣí sílẹ̀ látọjọ́ yìí, ẹ má lò ó mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń yọ atẹ́gùn kúrò nínú ọ́ìlì bíréèkì, ẹ má jẹ́ kí ike gbẹ, ẹ ó kàn tún fa òmíì wọlé ni. Nínú mọ́tò tó ti pẹ́, ẹ má tẹ pẹ́dà dé ilẹ̀ pátápátá, rọ́bà master cylinder á lọ ha ibi tó ti dógùn-ún tí ò dé rí. Tẹ́ ẹ bá sì ti yọ ọ́ tí pẹ́dà ṣì rọ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi caliper òsì sápá ọ̀tún, bleeder (náàtì kékeré tí wọ́n ń tú kí atẹ́gùn lè jáde) gbọ́dọ̀ wà lókè, torí òkè latẹ́gùn máa ń lọ.

Táyà kan há, tó gbóná ju èkejì lọ? Ẹ fi stand gbé e ró, kì í ṣe jáàkì nìkan, kẹ́ ẹ tú bleeder ẹ̀ díẹ̀. Tí ọ́ìlì bá tú jáde tí táyà sì yí fàlàlà, páìpù rọ́bà lẹ kọ́kọ́ máa fura sí, ó lè ti wú nínú tí ò sì hàn lóde. Tí ò bá yí, caliper tàbí pin ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi páìpù rọ́bà yẹn gbé caliper kọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́, wáyà ni kẹ́ ẹ fi so ó.

Tí pẹ́dà bá ń gbọ̀n, dísìkì ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ sì bi ara yín bóyá ẹni tó dè táyà kẹ́yìn kò dè náàtì kan le ju èkejì lọ.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti to gbogbo ẹ̀ padà, ẹ tẹ pẹ́dà títí tó fi le kẹ́ ẹ tó sún mọ́tò, torí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn pádì tuntun máa ń wọlẹ̀ pátápátá, àwọn kan sì ti tipa bẹ́ẹ̀ kọlu ògiri ilé ara wọn. Tó bá ṣì ń wọlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ.