Bí A Ṣe Ń Fi Kún Hard Drive Inú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onífọ́tò kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti Ọ̀fà wá sí ìsọ̀ mi ní Ìlọrin, nítorí pé àwòrán ìgbéyàwó àti ti wòlímọ̀ ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ẹ̀rọ náà ti gbó, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Hard drive méjì mìíràn, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, ló nílò, iṣẹ́ tí ẹni tó ní sùúrù lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sì ni.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àdàkọ àwọn fáìlì yín sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ okùn iná, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án lẹ́ẹ̀kan kí iná tó ṣẹ́kù lè tán. Ní àkókò ọyẹ́, aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì a máa kó iná sí ènìyàn lára, ìyẹn sì lè ba hard drive jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó mú un dání mọ̀, nítorí náà ẹ máa fọwọ́ kan irin àpótí náà lemọ́lemọ́.

Ẹ wo ìdí hard drive náà. Bí ó bá jẹ́ SATA, tí okùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, okùn tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá jẹ́ IDE, tí okùn rẹ̀ fẹ̀ bíi bẹ́líìtì, méjì ló ń pín okùn kan lò, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ master (àkọ́kọ́), èkejì slave (ìkejì). Jumper la fi ń yàn án: ike kékeré kan tí irin wà nínú rẹ̀, tí kò tó hóró ẹ̀wà, tí a fi há ẹ̀gún irin méjì tó wà lẹ́yìn hard drive. Àtẹ tó ń fi ipò rẹ̀ hàn sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ibí gan-an ni mo ti fi odindi ọ̀sán kan ṣòfò rí, nítorí pé àwọn hard drive kan ní ipò kan fún ìgbà tí wọ́n bá dá wà, òmíràn fún ìgbà tí wọ́n bá ní slave. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mi ò yí, èmi sì ń dá tuntun lẹ́bi. Bí okùn náà bá jẹ́ oníwáyà 80, orí aláwọ̀ búlúù ń lọ sí motherboard, pátákó ńlá tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, dúdú tó wà ní ìparí ń lọ sí master, aláwọ̀ eérú tó wà láàárín sì jẹ́ ti slave.

Ẹ má fojú kéré power pack, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Hard drive ńlá kan lè fa nǹkan bí ampere 2 lórí volt 12 nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí mẹ́ta bá sì jọ gbéra, power pack tó ti rẹ̀ lè pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹ fi àlàfo sáàárín wọn, nítorí ooru oṣù Kẹta ní Ìlọrin kì í ṣe kékeré, kí ẹ sì fi síkúrù dè wọ́n pinpin.

Ẹ so okùn iná padà, ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ wọ inú BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó dé, wò bóyá gbogbo wọn hàn. BIOS àtijọ́ kan kò lè rí ju gígábáìtì 137 lọ lára IDE. Nínú Windows, ẹ ṣí diskmgmt.msc, ibi tí a ti ń ṣètò hard drive, ẹ fi ìwọ̀n hard drive dá tuntun mọ̀ kí ẹ tó ṣe format, ìyẹn pípalẹ̀ rẹ̀ mọ́ fún lílò, nítorí bí ẹ bá ṣèèṣì mú ti àtijọ́, àwòrán àwọn oníbàárà lọ nìyẹn. Nígbà tí lẹ́tà hard drive tuntun náà (bíi E:) bá yọ, ẹ kó fáìlì ńlá kan sínú rẹ̀, kí ẹ ṣí i wò, kí ẹ tó dé àpótí náà.